Ahọ́n Màlúù Ìkẹyìn

"Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiyín," ni Agbọ́rọ̀ wí, iná pupa sì tàn lójú rẹ̀ nígbà kejì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú Ilé Ìjẹ́rìí mí kanlẹ̀. Ìyá Ràbí, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ níyà sí ti Ṣìfáwù, pòṣé ní tirẹ̀, irú òṣé tí ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì á gbọ́. Ṣìfáwù dúró níwájú ògiri, ó tẹjú mọ́ Agbọ́rọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n kàn mọ́ ara rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n já òkèlè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Báwo ni kò ṣe ní í jẹ́ tèmi?" ló bi í. "Mo ní nítorí omi ni mo ṣe fi ẹran sílẹ̀. Omi tí màlúù kan ń mu kí wọ́n tó pa á, odindi àdúgbò ni ì bá máa mu ún. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Ẹ ò parọ́," Agbọ́rọ̀ dáhùn. Ohùn rẹ̀ tutù, ó kún fún ọ̀wọ̀, ìyẹn gan-an ló tún ń bí èèyàn nínú. "Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló ti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú mi ní Òkè-Àrọ̀ yìí. Àwọn ọmọ iléèwé ń fi í kọrin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gba ẹran lẹ́nu yín. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

Ti àkọ́kọ́ ló tilẹ̀ burú jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni Ṣìfáwù kọ́kọ́ gbé wá. Agbọ́rọ̀ ní kó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú òun, ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ geere bíi ti ọmọ ogún ọdún, òun sì bá a yọ̀. Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ wá wo nǹkan: ara èèyàn le koko, ara líle náà tún wá di ẹjọ́ sí i lọ́rùn!

Akọ̀wé Dáìsí dìde lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Òun àti Ṣìfáwù jọ lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kò sì fẹ́ kí ojú ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ṣìfáwù, sinmi ná," ó wí. "O mọ̀ pé ẹnu mẹ́ta lòfin fún èèyàn. Bí ẹ̀kẹta yìí bá tún bọ́, ó dọdún méje kó o tó tún lè dúró níbí."

"Ọdún méje! Ṣé olú mi á dúró dè mí fún ọdún méje ni?"

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

"Àwọn tó ń gba omi tán tí wọ́n tún ń sá pamọ́ lọ jẹ ẹran ló kó wa sí wàhálà yìí," ni Ìyá Ràbí wí láti orí bẹ́ǹṣì. "Tẹ́lẹ̀, èèyàn á kàn wá, á ní òun ò jẹ ẹran mọ́, wọ́n á tú omi tí màlúù ìpín rẹ̀ ì bá mu sílẹ̀ fún un. Àṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ nínú yàrá! Ni wọ́n bá lọ gbé ẹ̀rọ tí kì í gba ọ̀rọ̀ àyálò wá. Kí kálukú wá mú ìdí tirẹ̀ wá, èyí tí kò sí lẹ́nu ẹlòmíràn. Níbo lèèyàn ti fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́ báyìí?"

"Ìyá Ràbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kílé tòrò," ni Dáìsí wí.

Kò sí ẹni tí kò mọ olú Ṣìfáwù ní Òkè-Àrọ̀. Láti ìgbà tí ọ̀dá ńlá ti sọ odò ìlú di ọ̀nà ẹsẹ̀, òun ló kó pòròpórò jọ sínú ilé gbọọrọ kan lẹ́yìnkùlé wọn, tó ń hu olú lórí rẹ̀. Olú ọ̀hún nípọn lẹ́nu. Bí wọ́n bá fi ata àti irú sè é, tí wọ́n da ẹ̀gúsí lé e, èèyàn á jẹ ẹ́, á lá ìka, á tún wo ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ogójì ilé ló ń jẹ níbẹ̀, àwọn abiyamọ ni Ṣìfáwù sì máa ń kọ́kọ́ bù fún. Àgbá omi mẹ́ta péré ló kù fún un nílé. Bí omi tuntun kò bá dé lónìí, kó tó di ọ̀túnla, gbogbo olú náà á ti gbẹ dànù.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ jókòó sí, nítorí òfin ní kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí mú ẹbí rẹ̀ kan wá tí yóò gbọ́ ọ. Bàbá Lásísì ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, òun sì ni Olórí Alápatà ìkẹyìn ní Òkè-Àrọ̀. Nígbà tó wọlé láàárọ̀, Agbọ́rọ̀ rẹ iná ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún un, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa kí àgbà. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ibi iṣẹ́ bàbá náà nibẹ̀. Kí ilé yìí tó di Ilé Ìjẹ́rìí, odò ẹran ni, ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Àwọn ìkọ́ irin tí wọ́n ń fi ẹran kọ́ ṣì wà lókè àjà, gọ́tà tí ẹ̀jẹ̀ ń bá lọ ṣì la ilẹ̀ já títí dé ẹnu ọ̀nà. Lára ògiri ẹnu ọ̀nà ọ̀hún ni wọ́n gbẹ́ ọwọ́ ọkùnrin kan sí, ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀, wọ́n wá kọ "Ẹ̀ẹ̀kan" gàdàgbà-gadagba sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ bàbá náà nìyẹn. Láti ìgbà tó ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀, wọ́n ní kò sí màlúù tó fi ọ̀bẹ kàn lẹ́ẹ̀mejì, títí dórí èyí tó kẹ́yìn, tí gbogbo ìlú wá dúró sí ìta fún. Bàbá Ẹ̀ẹ̀kan ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ìdí tí Ṣìfáwù fi ẹran sílẹ̀ gan-an ńkọ́? Ó mọ̀ ọ́n, ó ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ẹni méjì péré ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí lọ́jọ́ màlúù ìkẹyìn, òun àti bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì jọ sọ ọ́ rí, kódà nínú yàrá. Bó bá là á sílẹ̀ níwájú èrò yìí, á rí omi gbà lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi wó orúkọ bàbá rẹ̀ lulẹ̀. Ó rò ó wò, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó yí padà, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ká máa lọ síbo?"

"Sílé, Bàbá. Ó ti sú mi."

"Olú ńkọ́?"

"Á kú. Màá tún òmíràn hù tó bá yá."

Bàbá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí," ó wí, "láti ìgbà tí mo ti jókòó síbí ni mo ti ń gbọ́ tí ò ń parọ́ bí ẹni ń ka ìwé. Ẹ̀jẹ̀ ríru! Ìwọ tó o ru àgbá omi láná tí o ò mí hẹlẹ! Ta lò ń dáàbò bò?"

Ṣìfáwù bojú wo ọwọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri.

"Èmi ni, àbí?"

"Bàbá, orúkọ yín wà lára ògiri."

"Mo mọ ibi tí orúkọ mi wà, ojú mi ò tíì fọ́. Dìde, kó o lọ sọ ọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kó o lọ sọ ọ́! Bó ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́, mi ò sì ní mọ̀ ọ́n sọ tó ọ."

Ṣìfáwù dìde. Nígbà tó dé iwájú Agbọ́rọ̀, tó gbé ojú sókè tó rí àwọn ìkọ́ irin tó ti mọ̀ láti kékeré, ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Inú ilé yìí ló ti kọ́ iṣẹ́. Kí ló dé tí yóò máa bẹ̀rù bí àlejò?

"Èmi Ṣìfáwù ọmọ Lásísì," ó bẹ̀rẹ̀, "bàbá mi ò bí ọkùnrin. Láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń bá a di orí màlúù mú nínú ilé yìí. Nílé wa, bí wọ́n bá ti dá màlúù dùbúlẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó fẹ́ dúńbú rẹ̀ àti ẹni tó di orí mú nìkan ló ń dúró. Ẹ ò gbọdọ̀ pọ́n ọ̀bẹ lójú rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó rí ẹ̀jẹ̀ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi aṣọ bò ó lójú. Bàbá mi kọ́ mi ní gbogbo èyí, kì í sì í fi ṣeré, ó na èmi gan-an nígbà kan tí mo gbàgbé aṣọ sílé."

"Mo rántí," ni Bàbá Lásísì wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Màlúù ìkẹyìn yẹn, inú àgbàlá wa ló gbé fún ọdún méjì. Ìyàwó là ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń rọra gbé ẹsẹ̀. Omi tí mo bá fi ṣan ẹsẹ̀ ló ń mu. Láràárọ̀ tí bàbá mi bá jáde, Ìyàwó á wá lá òógùn ọrùn ọwọ́ rẹ̀ torí iyọ̀ tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá ní ẹ̀rọ ni yóò máa pa ẹran, tí wọ́n ní ká dúńbú èyí tó kù ká sì ti odò ẹran pa, gbogbo yín lẹ wá. Ẹ dúró síta níbẹ̀ yẹn, ẹ̀ ń kọrin bàbá mi."

"A wà níbẹ̀," ni àwọn kan wí lórí bẹ́ǹṣì.

"A ti ilẹ̀kùn. Mo gbé orí Ìyàwó lé itan. Bàbá mi ní Bísímílláhi, ó na ọwọ́. Mi ò tíì bo ojú rẹ̀ tán. Ni Ìyàwó bá yọ ahọ́n, ó lá ọrùn ọwọ́ bàbá mi, ọwọ́ tí ọ̀bẹ wà gan-an, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀."

Ṣìfáwù na ọwọ́ sí gọ́tà tó wà nílẹ̀. Ó ń bá a lọ.

"Ọwọ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Bàbá Ẹ̀ẹ̀kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gọ́tà yìí, ó ń sunkún. Ẹ̀yin wà níta, ẹ ò dákẹ́ orin. Mo ní bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ bá a báyìí, ó ti tán fún un. Mo fi gèlè mi bo Ìyàwó lójú. Mo mú ọ̀bẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ni."

"Yéè!" Ìyá Ràbí ti dìde dúró. "Obìnrin! Obìnrin ló dúńbú màlúù ọjọ́ náà?"

Ariwo sọ. Ní Òkè-Àrọ̀, ọmọbìnrin ilé alápatà lè gé ẹran, ó lè pín in, ó lè fọ inú rẹ̀, àmọ́ kì í fọwọ́ kan ọ̀bẹ ìdúńbú. Dáìsí fi ọwọ́ gbá tábìlì títí ilé fi dákẹ́. Ṣìfáwù kò wo ẹ̀yìn.

"Nínú ẹbí wa, ẹni tó bá di orí mú ló ni ahọ́n," ó wí. "Ẹ sun ún fún mi. Ẹ gbé e lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo èrò, ẹ ní kí n jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Ahọ́n tó lá ọwọ́ bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gé e jẹ, mo jẹ ẹ́ lẹ́nu títí, kò lọ. Mo fi pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń bá yín ṣe àmín sí àdúrà, títí mo fi dé ẹ̀yìnkùlé tí mo tu ú sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹran tó tún kọjá lọ́nà ọ̀fun mi. N kò kórìíra ẹran o. Òórùn rẹ̀ ṣì máa ń dùn mọ́ mi. Ojú iṣẹ́ bàbá mi ò sì tì mí rí. Òun ló kọ́ mi pé kí n bọ̀wọ̀ fún ohun tí mo bá fẹ́ pa, mo sì kọ́ ọ débi pé mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ọmọ alápatà ni mí. Bí mo ṣe fi ẹran sílẹ̀ yìí náà, ẹ̀kọ́ ilé wa ni."

Iná ojú Agbọ́rọ̀ di àwọ̀ ewé.

"Ọ̀rọ̀ yín nìyí," ó wí. "Kò sí lẹ́nu ẹlòmíràn. Ibo ni kí a tú omi yín sí?"

"Ilé olú, lẹ́yìn ilé Lásísì."

Nǹkan dún nísàlẹ̀ ilẹ̀, omi sì ya wọ inú gọ́tà tí ẹ̀jẹ̀ ń bá lọ láyé ìgbà kan, ó mọ́ gaara, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ sí ọ̀nà ilé wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo omi. Bàbá Lásísì ni gbogbo wọn ń wò.

Dáìsí wú ikọ́. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọwọ́ tó wà lára ògiri yẹn... bóyá ká wá nǹkan bò ó ná..."

"Bo kí ni?" Bàbá náà fi ọ̀pá dìde, ó sì nàró. "Kí lẹ fẹ́ bò? Wọ́n kọ Ẹ̀ẹ̀kan síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ẹni tó ṣe é nìkan lẹ ò mọ̀. Ọwọ́ ilé wa ni! Ọwọ́ mi gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni, mi ò jiyàn, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún wá mú ọ̀bẹ nílẹ̀, kò bẹ̀rù, kò fìyà jẹ ẹranko, kò sì jẹ́ kẹ́ ẹ fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fẹ́ wí i fáyé, ṣùgbọ́n mo ní òun ni kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé obìnrin mú ọ̀bẹ. Mo ní kí n má ba tirẹ̀ jẹ́." Ó na ọ̀pá sí Ṣìfáwù. "Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ mi nìyẹn."

Orí Ṣìfáwù wú. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, ó gbé ọrùn sókè bí ẹni tí wọ́n ń fi joyè. Kó tó ráyè sọ nǹkan kan, bàbá rẹ̀ ti kọjá lára rẹ̀, ó ti lọ dúró síwájú Agbọ́rọ̀.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ohun tí ìwọ náà ṣe."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí mò ń se ìpín ẹran tèmi mọ́ tiyín fún lóṣooṣù? Tí n ó gbé e lé orí awo ìjọba, tí awo á máa ka iye omi tí màlúù mu fún wa, tí ẹ ó máa ní kí n gbé e wá kíákíá?"

Bàbá náà bojú wẹ̀yìn wo Ìyá Ràbí. Ìyá Ràbí wo ilẹ̀.

"Ológbò mi ló ń jẹ ẹ́," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òun àti ìyá rẹ̀ tó kú. Láti ojú fèrèsé ni Bàbá ti ń gbé e fún mi."

Gbogbo èèyàn ìlú ló mọ ológbò Ìyá Ràbí, tó sanra débi pé kò lè fo ìloro. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ látorí bẹ́ǹṣì kan, ó kárí ilé. Ṣìfáwù ya ẹnu, kò lè pa á dé.

"Mo rò pé ẹ fẹ́ràn láti máa jẹ ẹ́," ó wí.

"Mo rò pé o fẹ́ràn láti máa sè é fún mi. Ọmọ alápatà tó ń se ẹran fún bàbá rẹ̀, ta ni yóò ní kó má sè é?" Ó kọjú sí ẹ̀rọ. "Agbọ́rọ̀, gbọ́ tèmi. Ìyàwó lá ọwọ́ mi, mi ò lè jẹ ẹran mọ́. Ó tán."

Iná pupa tàn. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi," ni Agbọ́rọ̀ wí. "Ọ̀rọ̀ yìí ti ní ẹni tó ni ín. Ọmọ yín ló ni ín."

"Háà! Mo gbà. Ọmọ mi ló ni ín." Bàbá Ẹ̀ẹ̀kan rẹ́rìn-ín, eyín méjì tó kù lókè hàn síta. "Ọmọ náà ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Agbọ́rọ̀ dákẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá sí Òkè-Àrọ̀, kò tíì dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, Dáìsí tilẹ̀ ti ń fẹ́ lọ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni iná ojú rẹ̀ rẹlẹ̀ pátápátá fún bàbá náà, bíi ti ìgbà tó wọlé láàárọ̀. Kò sì tíì gbé e sókè padà tí omi inú gọ́tà fi kún dé etí, tó di ìlọ́po méjì, ìpín bàbá àti tọmọ, tí gbogbo wọn fi ń ká aṣọ wọn sókè.